Kí Ni À Ń Kà? Ẹ̀kọ́ Gírámà Láti Inú Awuyewuye Iye Aláìsàn Kòrónà àti Ṣíṣí Ilé-Ẹ̀kọ́

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a fẹ́ gbé gírámà kúrò nínú ìwé fún ìgbà díẹ̀, kí a mú un lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn. Iyàn tí a mú ni èyí tó gba orílẹ̀-èdè Benin kan ní ọdún 2020: ènìyàn mélòó gan-an ni àrùn kòrónà mú, ṣé ó sì yẹ kí àwọn ọmọ padà sí ilé-ẹ̀kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá wọn jiyàn náà, nílé, ní ọjà Arzèkè níbí ní Parakou, tàbí nínú takisí tó ń lọ sí Tchaourou. Ọ̀pọ̀ ló sì fi ìbínú parí rẹ̀. Ìdí tí a fi tún gbé e wá síwájú yín ni pé, nígbà tí a fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, a rí i pé ohun tí oníkálùkù ń kà yàtọ̀ síra wọn. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn dì mú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ pé: nọ́ńbà kí ni?

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn kárí ayé. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ìjọba Benin kéde ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ní Porto-Novo, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ 24, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi jáde, wọ́n ní kí a dá ẹ̀kọ́ dúró, nítorí pé èrò inú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù. Iye tí ìjọba ti kéde títí di ọjọ́ náà kò tíì pé mẹ́wàá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́pàá, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe eré. Ẹ̀mí akẹgbẹ́ wa kan ti bá a lọ.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ìjọba sé ọ̀nà yí àwọn ìlú kan ní gúúsù ká, Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Abomey-Calavi wà lára wọn, kí àrùn má baà ti ibẹ̀ tàn ká. Wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa káàkiri orílẹ̀-èdè. Parakou kò sí nínú àwọn ìlú tí wọ́n sé mọ́. Ibi tí a wà jìnnà sí Kútọnu ju 400 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa náà tì. Ní ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ọ̀nà padà, ilé-ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà fún kíláàsì CM2 àti fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, wọ́n dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdìbò náà, iye àwọn tí wọ́n kéde pé ó ti ní àrùn, tó ti dé 339, bọ́ sí 130.

Ibẹ̀ ni iyàn ti gbóná. Àwọn kan ní ìjọba ń fi nọ́ńbà pa mọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣí lè dúró ní ṣíṣí. Àwọn mìíràn ní kò sí àrùn kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sáà wò ó, wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn kẹta ní iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni, kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi irinṣẹ́ tiwa wò ó.

2. Ọ̀rọ̀-orúkọ wo ni nọ́ńbà dúró lé?

Èdè Faransé ni wọ́n fi kéde nọ́ńbà náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò ni "cas confirmé". Ọ̀rọ̀ "cas" yìí rọrùn fún oníwèé, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn, kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àyẹ̀wò. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa bi wá pé, "Kí ni rédíò wí?", àwa náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ní, "Wọ́n ní àrùn ti mú ènìyàn 339." A kò purọ́, ṣùgbọ́n a ti yan ọ̀kan nínú mẹ́ta, a kò sì sọ fún wọn pé a yàn. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Àrùn mú ènìyàn 339.
 b. Wọ́n rí àrùn lára ènìyàn 339.
 d. Àyẹ̀wò ènìyàn 339 fi àrùn hàn.

Nínú (1a), "àrùn" ni olùwà. Kò sí ẹni tó ń wò, kò sí ẹni tó ń kà. Gbólóhùn náà ń sọ bí ayé ti rí, bí ìgbà tí a ní òjò rọ̀. Nínú (1b), ẹnìkan wò kó tó rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe "rí" gbà pé olùríran wà, pé ibi tí ojú rẹ̀ dé ni ìròyìn rẹ̀ mọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò tíì wò. Nínú (1d), irinṣẹ́ ni olùwà, nítorí náà a lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ pé: àyẹ̀wò wo?

Ìbéèrè yìí gan-an ló tú ìdí ọ̀rọ̀. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń wá àwọn ọmọ ogun tí ara dá sílẹ̀ láti bá àrùn jà. Àwọn ọmọ ogun yìí kì í tètè jáde. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó hàn. Wọ́n sì máa ń wà lára lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò náà tilẹ̀ lè ṣi ọmọ ogun àrùn mìíràn mú. Èkejì ni àyẹ̀wò PCR. Imú tàbí ọ̀fun ni wọ́n ti ń gba ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ inú yàrá àyẹ̀wò á sì wá àmì kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀, á sọ ọ́ di púpọ̀ títí yóò fi hàn. Ìbéèrè tí àyẹ̀wò kíákíá ń dáhùn ni: "Ṣé ara yìí ti bá àrùn náà pàdé rí?" Èyí tí PCR ń dáhùn ni: "Ṣé kòkòrò náà wà nínú ara yìí nísinsìnyí?"

Ohun tí ìjọba ṣe ní oṣù karùn-ún ni pé wọ́n kúrò lórí kíka àwọn tí àyẹ̀wò kíákíá nìkan mú, wọ́n sì dúró lórí àwọn tí PCR fìdí wọn múlẹ̀. Nítorí náà, 339 àti 130 kì í ṣe ìdáhùn méjì sí ìbéèrè kan. Ìbéèrè méjì ni, oníkálùkù ló ní ìdáhùn tirẹ̀. Àwa ará Borgou mọ iṣu. Bí ẹnìkan bá ka gbogbo iṣu inú àká tó jẹ́ 339, tí ẹlòmíràn ka iṣu tó gbó dáadáa nìkan tó jẹ́ 130, a kò lè pe ọ̀kan nínú wọn ní olè. Ẹ̀yán ni wọ́n fi yàtọ̀: "iṣu" ni ti àkọ́kọ́, "iṣu tó gbó dáadáa" ni ti èkejì. Olè á wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá yọ ẹ̀yán kúrò, tí a gbé nọ́ńbà méjèèjì kalẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ jẹ́ kí a tún kíyè sí nǹkan kan nípa èdè wa. Fún iye kékeré, ọ̀rọ̀-orúkọ ní í ṣáájú: ènìyàn mẹ́ta, ènìyàn mẹ́sàn-án. Fún ogún, igba àti irú wọn, iye ní í ṣáájú: ogún ènìyàn, igba ènìyàn, àádóje ènìyàn. Lọ́nà méjèèjì, ibi kan wà tí ọ̀rọ̀-orúkọ yẹ kó jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "àádóje ni wọ́n kéde", ibẹ̀ ti ṣófo, olùgbọ́ á sì fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dí i. Ẹni tó ń bẹ̀rù á fi "aláìsàn" dí i, ẹni tó ń ṣiyèméjì á fi "irọ́" dí i.

3. Níbo ni "kò" wà?

Yọ 130 kúrò nínú 339, ó ku 209. Kí ni kí a sọ nípa igba ènìyàn ó lé mẹ́sàn-án yìí? Ẹ wo ìyísódì méjì yìí:

(2) a. Ìjọba kò sọ mọ́ pé àwọn 209 náà ní àrùn.
 b. Ìjọba sọ pé àwọn 209 náà kò ní àrùn.

Nínú (2a), "kò" wà nínú olórí awẹ́ gbólóhùn. Sísọ ni a yí sódì. Nínú (2b), ó wà nínú awẹ́ gbólóhùn tí "pé" bẹ̀rẹ̀. Níní àrùn ni a yí sódì. Ohun tí ìyípadà náà túmọ̀ sí ni (2a). Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ni (2b).

Kì í ṣe pé etí wọn di. Àṣà èdè wà níbẹ̀. Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "rò", a máa ń gbé "kò" síwájú, kí a sì ní i lọ́kàn lẹ́yìn. Bí mo bá ní, "N kò rò pé Dúpẹ́ yóò wá," ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé mo rò pé Dúpẹ́ kò ní wá. Ṣùgbọ́n "sọ", "kéde" àti "jẹ́rìí" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Adájọ́ kò sọ pé ó jalè" yàtọ̀ pátápátá sí "Adájọ́ sọ pé kò jalè". Ẹni tí wọ́n fi gbólóhùn àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ lè padà. Nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, ìyàtọ̀ náà lè pa ènìyàn: ẹni tó gbọ́ (2b) á lọ dì mọ́ ìyá àgbà, ẹni tó gbọ́ (2a) á ní kí òun kọ́kọ́ ní sùúrù.

Irú iyàn kan náà wáyé ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwọn Yorùbá Òkun wà. Fún ìgbà pípẹ́ ní ọdún 2020, Kogí kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tí kòrónà ti wọ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, kéde pé wọ́n ti rí i lára ènìyàn méjì níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà, lábẹ́ Gómìnà Yahaya Bello, kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sí i. Iye àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe ní ìpínlẹ̀ náà títí di ìgbà yẹn kéré púpọ̀. Ẹ fi àwọn gbólóhùn yìí wéra:

(3) a. Kò sí àrùn kòrónà ní Kogí.
 b. A kò tíì rí àrùn kòrónà ní Kogí.
 d. A kò tíì wá àrùn kòrónà ní Kogí.

Bí (3d) bá jẹ́ òótọ́, (3b) náà á jẹ́ òótọ́, nítorí pé ẹni tí kò wá nǹkan kò lè sọ pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan láti orí (3b) dé orí (3a). "Tíì" kékeré yẹn ló ń sọ fún wa pé iṣẹ́ kò parí. Nígbà tí a bá yọ ọ́, tí a sì fi "sí" rọ́pò "rí", a ti kúrò lórí ohun tí a mọ̀, a ti bọ́ sórí ohun tí a fẹ́. Ẹni tó bá ń jiyàn lórí nọ́ńbà "òdo" gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú mẹ́ta yìí ni òdo náà.

4. "Ti", "ń" àti ọjọ́ inú oṣù

(4) a. Àrùn ti mú ènìyàn 130.
 b. Àrùn ń bá ènìyàn 130 jà.

Iye tí ìjọba ń kéde gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ jẹ́ ti "ti": ẹni tó ti sàn wà nínú rẹ̀, ẹni tó ti kú wà nínú rẹ̀, ẹni tó ṣì wà lórí ibùsùn wà nínú rẹ̀. Iye ti "ń" lè lọ sókè, ó lè lọ sílẹ̀, bí àwọn ènìyàn bá ti ń sàn. Ṣùgbọ́n iye ti "ti" kì í lọ sílẹ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Nígbà tí iye ti "ti" bọ́ láti 339 sí 130, àwọn ènìyàn fura. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ìṣirò. Ní tiwa, a gbà pé ìfura náà bá gírámà mu. Ẹni tó mọ èdè rẹ̀ mọ̀ pé ìwòsàn kò lè dín "ti mú" kù, ikú kò sì lè dín in kù. Ohun kan ṣoṣo ló lè dín in kù: kí ìtumọ̀ ohun tí à ń kà yí padà. Nítorí náà, ó tọ́ kí wọ́n fura. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé wọ́n fo ìbéèrè kan. Dípò kí wọ́n béèrè pé "Kí ni wọ́n yí padà?", wọ́n béèrè pé "Ta ló ń tàn wá?" Ẹni tó ń kéde náà kò sì gbọdọ̀ wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́: ẹni tó bá yí ìtumọ̀ padà ló yẹ kó ké ìyípadà náà sókè ṣáájú nọ́ńbà tuntun, ní gbogbo èdè tí àwọn ará ìlú ń gbọ́, kì í ṣe ní Faransé nìkan.

Iye ti "ti" tún nílò ọjọ́. Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ìjọba kéde iye fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbẹ̀yìn ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2020. Iye tó wá dúró sínú àkọsílẹ̀ ayé lẹ́yìn náà jẹ́ 509. Ní oṣù karùn-ún, Ààrẹ John Magufuli ní wọ́n fi ohun tí wọ́n gbà lára ewúrẹ́ àti ìbẹ́pẹ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò lábẹ́ orúkọ ènìyàn, wọ́n sì ní àrùn wà lára wọn. Nítorí náà òun kò gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Wọ́n ṣí yunifásítì ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, wọ́n sì ṣí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, 509 ló wà nínú àkọsílẹ̀ ayé. Ẹni tó sọ ní ìparí oṣù kẹfà pé "àrùn ti mú ènìyàn 509 ní Tanzania" ń fi ẹnu òní sọ ọ̀rọ̀ àná. Nọ́ńbà náà kò tíì kú, ṣùgbọ́n kò dàgbà mọ́. Bí a bá fẹ́ sòótọ́, a ó ní: "Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, iye tí wọ́n kéde jẹ́ 509." Gbólóhùn náà gùn, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

5. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ṣí, kí sì ni "lè"?

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí apá kejì iyàn náà.

(5) a. Ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí.
 b. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣí.

Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí ara padà láti fi ọ̀pọ̀ hàn. "Ilé-ẹ̀kọ́" nínú (5a) lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ gbogbo. Gbólóhùn náà jẹ́ onípọ́n-na. Ìyá tó ní ọmọ kan ní CM2 àti òmíràn ní CP gbọ́ ní oṣù karùn-ún pé ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí. Òótọ́ ni fún ọmọ àgbà, kì í ṣe òótọ́ fún àbúrò rẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn kíláàsì àṣekágbá: Primary 6, JSS 3 àti SSS 3. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní ṣí fún ìdánwò WAEC. Nítorí náà, nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, "ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí" àti "ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣí" jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, ìpinnu yí padà, ìdánwò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ.

Nípa (5b), ìtumọ̀ "lè" ju ọ̀kan lọ. Ó lè jẹ́ ìyọ̀ǹda: wọ́n ti gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ó lè jẹ́ agbára: ilé-ẹ̀kọ́ ní omi, ní ìjókòó, ní àyè tó láti ṣí láìsí ewu ńlá. Ó tún lè jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀. Ìjọba lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fúnni ní ìyọ̀ǹda; kò lè fi ọ̀rọ̀ fúnni ní agbára. Nígbà tí òbí ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣí," agbára ló ń sọ. Nígbà tí aláṣẹ dá a lóhùn pé, "Ó lè ṣí," ìyọ̀ǹda ló ń sọ. Wọ́n dà bí ẹni ń ta ko ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn kò tíì pàdé.

6. Láti orí "ni" dé orí "yẹ"

Kókó ẹ̀kọ́ wa wà níbí. Ẹ wo ìgbésẹ̀ tí gbogbo wọn ń gbé:

(6) a. Iye náà kéré.
 b. Nítorí náà, ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí.

(6a) ń sọ bí nǹkan ti rí. (6b) ń sọ bó ti yẹ kó rí. Nọ́ńbà, bó ti wù kó dájú tó, kò ní "yẹ" nínú. Ẹnìkan lè gba 130, kó sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ dúró ní títì, nítorí pé ìyá àgbà wà nílé. Ẹlòmíràn lè gba 339, kó sì ní kí ó ṣí, nítorí pé ọmọ tó pẹ́ nílé lè má padà mọ́, pàápàá ọmọbìnrin tí ọjà àti iṣẹ́ ilé ti gbà. Àwọn méjèèjì kò ya wèrè. Ohun tó wà láàárín (6a) àti (6b) ni ohun tó yẹ kí wọ́n jọ jókòó sọ: ọmọ mélòó ló wà lórí ìjókòó kan? Ṣé omi wà ní ẹnu ọ̀nà? Ta ló ń bá ọmọ náà gbé? Kí ni yóò sọnù bí kò bá lọ? "Nítorí náà" ti gbé gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí mì, ó sì jẹ́ kí ó dà bíi pé nọ́ńbà ló pàṣẹ.

Ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Calavi. Nígbà tí wọ́n jáde, iye tí wọ́n kéde kò tíì pé mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n gbé lé, kò sí ohun tí wọn ì bá sọ. Èrò inú gbọ̀ngàn ni wọ́n tọ́ka sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó wà láàárín (6a) àti (6b) ni wọ́n béèrè. Bóyá ẹ gbà pẹ̀lú wọn tàbí ẹ kò gbà, ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn gidi ló sì yẹ kó gbà. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

7. Ohun tí gírámà kò lè ṣe

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé a ti parí iyàn náà. Gírámà kò lè sọ fún wa ohun tó wà lọ́kàn aláṣẹ. Ìlànà kíkà yí padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdìbò, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí. Ẹni tó bá rí bí ọjọ́ ti tẹ̀ lé ọjọ́ lè béèrè ìdí, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Pé nǹkan kan tẹ̀ lé òmíràn kò sọ pé òun ló fà á, kò sì sọ pé kì í ṣe òun. Gírámà kò sì lè sọ iye ènìyàn tí àrùn mú tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n mọ̀ pé kíka ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré, pé ẹni tí à ń kà máa ń fẹ́ mọ ẹni tó ń kà á àti ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ohun tí gírámà lè ṣe ni pé ó ń fi ìbéèrè sí wa lẹ́nu. Nísinsìnyí tí ìjì náà ti rọlẹ̀, a mọ̀ pé òmíràn lè dé, bóyá kọ́lẹ́rà, bóyá ibà Lassa, tó ti yọ ní Borgou yìí rí. Wọn yóò tún kéde nọ́ńbà ní Faransé, ìyá àti bàbá yóò sì tún bi wá pé, "Kí ni rédíò wí?" Ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́rin kí a tó dá wọn lóhùn: ọ̀rọ̀-orúkọ wo ni nọ́ńbà náà dúró lé? Níbo ni "kò" wà? Títí di ọjọ́ wo? Kí ló wà láàárín nọ́ńbà àti "nítorí náà"? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń túmọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ariwo ló ń gbé kiri.

Iṣẹ́ ṣíṣe

(i) Túmọ̀ "cas suspect", "cas confirmé" àti "cas guéri" sí Yorùbá tí ìyá tí kò gbọ́ Faransé yóò gbọ́ yé. Má ṣe lo ọ̀rọ̀-orúkọ kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí kò bá yẹ. Sọ ìdí tí o fi yan èyí tí o yàn.

(ii) Fi ìtumọ̀ méjèèjì tí gbólóhùn yìí ní hàn: "Wọn kò gbà pé àyẹ̀wò náà dára." Fi "rò" àti "kéde" rọ́pò "gbà", kí o sì sọ ohun tó yí padà.

(iii) Kọ ìkéde gbólóhùn mẹ́ta fún rédíò, tí yóò sọ fún àwọn ará ìlú pé ìlànà kíkà ti yí padà, pé iye àpapọ̀ yóò sì dín kù nítorí rẹ̀. Má ṣe dárúkọ nọ́ńbà kankan títí di gbólóhùn kẹta.

(iv) Bi àgbàlagbà kan ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu léèrè bí ẹ̀ka èdè tirẹ̀ ti ń sọ (3b). Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ "tíì"?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.